Ẹ̀rọ Pẹlẹbẹ Nílé Màmá Ìrẹ̀mọ

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, lódìkejì bodè, ìyá àgbà mi kò sunkún. Ìyá mi ń nu ojú, àwọn àbúrò mi dúró ti ògiri bí ẹni tí wọ́n nà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń jẹ orógbó. Wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń sunkún sí? Ṣebí Ifẹ̀ ló ń lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti jáde wá. Ẹni tó bá ń lọ sí Ifẹ̀ kò lọ sí àjò, ilé ló ń padà sí." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Nínú gbogbo ẹrù tí mo dì lọ́jọ́ náà, òun ni mo fọkàn tán jù.

Ifẹ̀ kò mọ̀ pé ilé ni mò ń padà sí. Ní yunifásítì, ìlà àwọn àjèjì ni wọ́n tò mí sí, èmi àti ọmọ Kamẹrúùnù kan tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ káàárọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo fi Yorùbá kí akọ̀wé tó ń gba ìwé wa. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Áà! Ẹ̀yin ará Kútọnù náà ń gbọ́ Yorùbá?" Mo fẹ́ sọ fún un pé Kétu kì í ṣe Kútọnù. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọba tiwa àti ọba tiwọn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, ohùn Kétu ló jáde, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì bú sẹ́rìn-ín. Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé mi pé àjèjì ni mí.

Ẹ̀rù tó wọ inú mi lọ́jọ́ náà kò tètè jáde. Ẹ̀rù ń bà mí láti dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì, nítorí Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré, Gẹ̀ẹ́sì mi sì ń rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ẹ̀rù àwọn ṣọ́jà ojú títì ń bà mí. Ìgbà ìjọba ológun ni; àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lápò kò gbọdọ̀ rìn bí ẹni tó ní ìlú. Ọjà pàápàá ń já mi láyà, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná nǹkan, wọ́n á ti mọ̀ pé n kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, iye ọjà á sì gòkè lójú mi báyìí. Mo di ẹni tí ń fi ìka tọ́ka sí ata.

Agbo ilé kan ní Ìrẹ̀mọ ni mo gba yàrá sí, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára. Opó kan ló ni ín, gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Màmá Ìrẹ̀mọ. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọ sùtánà wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn, àwọn ọlọ́kadà á sì yà fún wọn. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Màmá ni pé wọn kì í purọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ wọn ló jẹ̀bi, tí ọlọ́pàá sì bi wọ́n, wọ́n á sọ ọ́. Wọ́n gbà mí sílé láìbéèrè ìwé kankan. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ Kútọnù, má máa da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà o." Orúkọ tí mo ń jẹ́ lẹ́nu wọn nìyẹn.

Ayálégbé kejì ni Bùọ̀dá Làmídì, tó ń ta sípéà pátì ọ̀kadà. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àmín sí àdúrà Màmá, ó ní àdúrà kì í pọ̀ jù. Òun ló kọ́kọ́ kìlọ̀ omi fún mi. Màmá ní ìgò kan, ìgò òróró tí wọ́n fọ̀ mọ́, omi àdúrà ló máa ń wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tuntun tó wọ agbo ilé náà tí ìgò yẹn kì í yọjú. Mo fi ojú ara mi rí ọmọkùnrin kan tó ra ọ̀kadà, tó gùn ún wá gba àdúrà. Nígbà tí yóò fi lọ, omi ń ro tótó lára òun àti ọ̀kadà.

"Tèmi ló burú jù," Bùọ̀dá Làmídì wí fún mi. "Mo ra tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, tuntun, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo ní kí wọ́n bá mi yọ̀. Wọ̀ọ̀! Omi lórí wa. Mo wọlé, mo fi iná sí i. Pàà! Èéfín. Láti ọjọ́ náà, ògiri ni mò ń wò." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. "Ọmọ Kútọnù, bí o bá ra ohun tó ń jẹ iná, má jẹ́ kí Màmá rí i o."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ iná lọ́wọ́ mi ju gílóòbù lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù kan lọ́nà Ẹnuwá. Ìyá mi àti ìyá àgbà á ti dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kan ní Kétu tó ní tẹlifóònù. Ìyá mi á béèrè bóyá mò ń jẹun. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà á gbà á, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé wáyà, tó fẹ́ kí ohùn òun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ifẹ̀. "Báwo ni ilé?"

Ifẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń wí.

"Ilé dára, Ìyá," ni màá dáhùn. Màá gbé e sílẹ̀, màá sì dúró díẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì náà kí ojú mi lè gbẹ. Ẹni tó kàn á máa kan gíláàsì pé kí n jáde.

Ọdún kejì ni ẹ̀rọ náà dé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Paríìsì ló fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ni. Ó ní lórí tábìlì àwọn tí òun ń bá nu ilẹ̀ ni òun ti rí irú rẹ̀, òun sì sọ fún ara òun pé àbúrò òun tó ń kàwé ní Ifẹ̀ ni ó yẹ. Láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ nígbà náà ni èyí tó wà ní yunifásítì, àwọn àpótí ńláńlá tí wọ́n ń fi aṣọ bò, tí a sì gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kí a tó wọlé tọ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ, torí ó fúyẹ́ jù. Ó fẹ̀ bí àwo ìgbóúnjẹ, kò sì nípọn ju Bíbélì Màmá lọ. Dúdú ni, ara rẹ̀ tutù, ó ń dán débi pé ipa ìka mi hàn lára rẹ̀. Mo ṣí i bí wọ́n ti ń ṣí ìwé. Ojú rẹ̀ gbòòrò lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ju ti kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tí mo ti rí, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yọ ikùn sẹ́yìn. Mo tẹ bọ́tìnì. Nǹkan kan súfèé díẹ̀ nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì dé, funfun tí kò gbóná. Mo ká ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n yọ ìbọn sí.

Nígbà tí àyà mi balẹ̀ díẹ̀, mo wo àwọn bọ́tìnì. Lẹ́tà A ló wà ní igun òkè, kì í ṣe Q bíi ti àwọn ẹ̀rọ Ifẹ̀ tó máa ń da ìka mi láàmú. Bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Kétu gan-an ni wọ́n ṣe tò ó, àwọn àmì orí lẹ́tà Faransé sì pé síbẹ̀. Kò tíì sí ohun kan ní Ifẹ̀ tó mọ ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní, mo sunkún. Ìdùnnú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí bí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bodè ṣe ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo di ọdún tó ń bọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ojú ẹ̀rọ náà gbòòrò, mo lè ṣí ojú ewé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: èyí tí mo fi Faransé rò wà lápá òsì, èyí tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wà lápá ọ̀tún. Mo máa ń wo òsì, màá já gbólóhùn kan bí ẹni ń já eegun, màá gbé e lọ sí ọ̀tún. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ka orí kìíní tí mo fọwọ́ dà kọ fún un, ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì yìí ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀." Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àbùkù rẹ̀ kan ni mo wá rí. Kí wọ́n lè mú un fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ ojú tí a ń ki díìsì bọ̀, tí a fi ń da iṣẹ́ kọ síta, kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yà kan wà lọ́tọ̀ fún ìyẹn, ẹ̀yà náà sì ṣẹ́ kù sí Paríìsì. Mo sáré lọ sí ilé tẹlifóònù.

"Màá wá ẹni tí yóò mú un bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí nǹkan ṣe é kó tó dé o. Tó bá kú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn."

"Ṣé kò sí ọ̀nà míì?"

"Kò sí. Wò ó bí ẹyin."

Láti ìgbà náà ni n kò ti sùn dáadáa mọ́. Ìparí òjò ni iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ orúkọ mi. Bí wọ́n bá sì yọ orúkọ mi, ìwé ìgbélùú mi tán. Orí kìíní nìkan ni mo rí àyè fọwọ́ dà kọ; gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yòókù tí mo fi eyín já wà nínú pákó dúdú kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀n ju èso ìbẹ́pẹ kan lọ. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń gbé e sí àárín yàrá níbi tí páànù kì í jò. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, màá fa wáyà rẹ̀ yọ kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Mo rí èèrà kan lára ògiri, mo pa òun àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń já mi láyà jù lọ, ìgò òróró tó wà nínú yàrá Màmá ni.

Màmá kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti wọlé. Mo ra ìdè irin kékeré kan, mo kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi. Mo ti fèrèsé. Ṣáájú àkókò náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bá Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó jọ máa pa ẹ̀gúsí, àwọn ẹgbẹ́ wọn á sì yà wá. Bí wọ́n bá ti pé, wọ́n á fi Yorùbá gbogbogbòò sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sínú èdè Ifẹ̀ pọ́ńbélé. Ẹnu á yà mí, torí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀ máa ń dún létí mi bíi ti ìyá àgbà mi. N kì í sọ̀rọ̀, mo kàn máa ń gbọ́. Wákàtí yẹn nìkan ni àárò kì í sọ mí. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, mo fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, mo fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Màmá pè mí lọ́jọ́ kan bí mo ṣe ń kọjá. "Ọmọ Kútọnù, ṣé ara rẹ yá?"

"Ó yá, Màmá. Ìwé ló pọ̀."

"Ìwé wo ló ń tan ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn?"

"Àbẹ́là ni, Màmá."

Wọ́n wò mí. Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn, àwọn nìkan.

Mo ti gbé ní ìlú mìíràn lẹ́yìn Ifẹ̀, mo sì ti rí i pé bí ó ṣe máa ń rí fún àlejò nìyí. Ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà á pé kò ní nǹkan kan. Bí ó bá wá ní ohun kan ṣoṣo, ẹ̀rù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ á dé, á sì máa sá fún àwọn ènìyàn nítorí ohun náà, títí kò fi ní sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀. Èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, bí mo bá wà níbẹ̀, Ifẹ̀ ni mò ń bú lọ́kàn pé kò gbà mí.

Lásìkò náà, ìlú kò fara rọ. Ìjà ilẹ̀ láàárín ará Ifẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wọn ń rú, ó ń rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò tún rú. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àgbá àti pákó dí ẹnu ọ̀nà àdúgbò, wọ́n ń yẹ ẹrù ènìyàn wò. Iná kò sì sí ní Ìrẹ̀mọ fún ọjọ́ mélòó kan. Bátìrì ẹ̀rọ mi tán. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n gbé e lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì lọ, níbi tí iná wà. Mo fi ìró wé e, mo kì í sí ìsàlẹ̀ àpò ọjà, mo to búrẹ́dì lé e. Mo kọ̀wé níbẹ̀ di ọ̀sán gangan, mo jẹ́ kó gba iná kún, mo sì forí lé ilé ní ìrọ̀lẹ́.

Ní oríta tó kù díẹ̀ kí n dé ilé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé fìlà wúlì na igi síwájú mi. "Dúró ńbẹ̀. Kí ló wà nínú àpò?"

"Búrẹ́dì ni."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dún kó kó. "Búrẹ́dì wo ló le báyìí?"

Ó fà á jáde, ó tú ìró dànù, ó gbé ẹ̀rọ náà sókè. Àwọn yòókù súnmọ́ wa.

"Kọ̀ǹpútà ni," mo wí. "Fún ìwé mi ni."

"Irọ́! Mo ti rí kọ̀ǹpútà ní báńkì. Kọ̀ǹpútà ní orí, ó ní ìdí. Rédíò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn nìyí."

Ó ṣí i, ó di igun ojú rẹ̀ mú, ìyókù ń fì lọ fì bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pariwo pé kó má gbé e bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbé gbogbo Yorùbá tí mo kọ́ ní Ifẹ̀ lọ, ohùn Kétu nìkan ló kù.

Wọ́n wo ara wọn. "Ohùn wo nìyí? Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Kétu ni mí."

"Kétu Èkó? Ará Èkó kì í sọ̀rọ̀ báyìí!"

"Ẹ fọ́ ọ," ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ fọ́ ọ, ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀."

Onífìlà gbé e sókè orí àgbá irin. Mo rí ojú gbòòrò yẹn tó dorí kodò, mo sì rò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ mi wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, pé òní ni mo máa kó ẹrù mi.

"Ta lẹ dá dúró níbẹ̀ yẹn?"

Màmá Ìrẹ̀mọ ni. Wọ́n ń ti ìsìn bọ̀ nínú sùtánà funfun, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn ọmọkùnrin náà yà, onífìlà sì gbé ẹ̀rọ náà wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀ ìsìn, Màmá. Àjèjì kan ni, ó gbé ohun tí a kò mọ̀ wọ àdúgbò."

"Ọmọ mi ni."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Mo ní ọmọ mi ni. Ilé mi ló ń sùn."

"A gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tó gbé yìí?"

Màmá wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wo ìró tó wà nílẹ̀, wọ́n wá wo ojú mi. Ọjọ́ ayé wọn, wọn kò rí nǹkan náà rí. Mo mọ̀ ọ́n, Màmá náà sì mọ̀ pé mo mọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Màmá wí. "Ẹ̀rọ ìwé rẹ̀ ni. Ojú mi ló ti ń lò ó. Gbé e fún un."

Onífìlà gbé e fún mi tọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Ta ni yóò bá Màmá Ìrẹ̀mọ jiyàn pé wọ́n purọ́?

A rìn lọ sílé. Mò ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń dún lórí iyanrìn níwájú mi. Ẹ̀rù tó bà mí ní oríta kò tó èyí. Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bùọ̀dá Làmídì ń jẹ gúgúrú lórí ìjókòó rẹ̀. Màmá wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìgò. Bùọ̀dá Làmídì wo ìgò, ó wo ohun tí mo gbé mọ́ àyà, ó sì rọra gbé gúgúrú sílẹ̀.

"Ṣí i kí n rí ojú rẹ̀," ni Màmá wí.

Mo ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sára sùtánà wọn. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo apá òsì, wọ́n wo apá ọ̀tún.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti àwọn àgbẹ̀, ti ẹ̀yà tó ṣẹ́ kù sí Paríìsì, ti ìparí òjò.

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Màá padà sí Kétu lọ́wọ́ òfo, Màmá."

"Irọ́ tí mo pa lónìí," ni wọ́n wí, "ìwọ lo ni ín. Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀."

Mo fẹ́ sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ ní, ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má da omi sí i, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí. Ṣùgbọ́n mo rántí oríta, mo rántí bí wọ́n ṣe wo ojú mi kí wọ́n tó sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Orúkọ rere tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé kọ́ ni wọ́n nà fún mi níbẹ̀, láìbéèrè ohun tí mò ń fi pamọ́ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ni mo máa fi san án, kó lọ. Mo gbé e sórí àpótí. Ọwọ́ mi kò fẹ́ fi í sílẹ̀, mo fà á kúrò.

"Wá síhìn-ín. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà. Mo pa ojú mi dé. Mò ń dúró de ìró omi lórí bọ́tìnì.

Omi tútù bà mí ní àtàrí. Ó ṣàn gba ẹ̀yìn ọrùn mi wọ inú aṣọ, mo fò díẹ̀ lórí eékún.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni Màmá wí. "Ìyẹn ni Làmídì ò ṣe. Mo ní kó gbé tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ó ní àwọn ọmọ á fọ́ ọ, ó gbé e mọ́ àyà bí ìkókó. Òun ni mò ń wọ́n omi sí. Ta ní ń gbàdúrà fún irin? Ṣé irin ní orí ni?"

"Màmá!" Bùọ̀dá Làmídì ti dìde. "Ṣé èmi ni mo pa tẹlifíṣọ̀n ara mi?"

"Ìwọ ni."

Ó padà jókòó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ẹkún náà sì wà nínú rẹ̀, n kò lè yà wọ́n. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ wọn wúwo, ó gbóná. Wọ́n gbàdúrà fún iṣẹ́ mi, fún ẹ̀gbọ́n mi, fún àwọn tó wà ní Kétu, wọ́n pe Kétu bó ṣe ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, wọn kò tíì gbé ọwọ́ kúrò.

"Ọjọ́ tí o dé ló yẹ kí n ti ṣe èyí," ni wọ́n wí. "Ọmọ tó bá wọ ilé mi, mo máa ń ṣe é fún un. Mo rò pé àlejò ni ọ́ ni."

Mo la ẹnu láti dá wọn lóhùn. Ohùn Kétu ló jáde, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.